Ẹyẹ Tugiran Dúró Láàárín Orin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó ń họra dẹ́kun ìhọra. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kan ni mo fẹ́ kà sí yín létí, bí fóònù fúnra rẹ̀ ṣe gbà á sílẹ̀. N kò bù kún un, n kò sì bù kúrò níbẹ̀. Tugiran tó ń fi sóyà ṣe oúnjẹ tempe ní abúlé wa, nítòsí Klaten, ló pe Wahono, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Surabaya. Lọ́dọ̀ wa, Mas là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, Dik là ń pe àbúrò, Bapak ni bàbá, Pak àti Bu la sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ọkùnrin àti obìnrin. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí àwọn ẹyẹ murai ń fi orin díje ní pápá.

WAHONO: Hẹ̀lóò? Mas Giran, ẹ káàárọ̀.

TUGIRAN: Káàárọ̀, Dik. Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ti ń rìn?

WAHONO: Ó ti ń rìn, Mas. Ó tiẹ̀ ti ń—

TUGIRAN: Ó dára, ó dára. Òjò ńkọ́ lọ́hùn-ún?

WAHONO: Kò rọ̀. Mas, kí ló ń pariwo lẹ́yìn yín báyìí?

[Ohùn ẹyẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.]

TUGIRAN: Ẹyẹ ni. Mo wà ní pápá. Ṣé o gbọ́ mi?

WAHONO: Mo gbọ́ yín.

TUGIRAN: Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Bí fídíò bá ń lọ, tó wá dúró lójijì, báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é tó fi ń tẹ̀síwájú?

WAHONO: Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn.

TUGIRAN: Kò níbi tí wọ́n ti ń pa á.

WAHONO: Ẹ yọ bátìrì rẹ̀.

TUGIRAN: Kò ní bátìrì.

WAHONO: Fóònù wo ni kò ní bátìrì, Mas?

TUGIRAN: Ta ló pè é ní fóònù? Ẹyẹ mi ni.

WAHONO: Mas Giran, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?

TUGIRAN: Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyẹ mi ń kọrin, orin ń dùn, ó dé àárín, ó dúró. Kì í ṣe pé ó ń sinmi o. Ó la ẹnu sílẹ̀, ohùn ò jáde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lórí igi tó bà lé, ó ń pòòyì, ó ń pòòyì, bíi—

WAHONO: Bí òbìrìkìtì tó máa ń yí lójú fóònù.

TUGIRAN: O ṣeun. N kò fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni.

WAHONO: Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

TUGIRAN: Ó dún "tin-ín, tin-ín", bí fóònù tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. Ló bá fò fẹ̀rẹ̀ sí ìparí orin, ó parí rẹ̀, ó ń wo ojú mi pé kí n fún òun ní ìrẹ̀ jẹ.

[Wahono ń rẹ́rìn-ín.]

TUGIRAN: Máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn tí kò bá kan ni, ẹ̀rín ní í pa ni.

WAHONO: Sọ́rì, Mas. Ṣé Bapak wà níbẹ̀?

TUGIRAN: Bàbá rẹ jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n wọ aṣọ batik tuntun. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ṣí àgò, tí ẹyẹ wọn fi fò mọ́ mi lọ́wọ́, wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Yatmi ni wọ́n ń rán. "Yatmi, sọ fún ọkọ rẹ pé iyọ̀ wà nítòsí rẹ̀." Iyọ̀ tó wà níwájú mi, Dik. Orí ẹní kan náà la jókòó sí, orúnkún ń kan orúnkún.

WAHONO: Mo mọ̀, Mas.

TUGIRAN: O ò mọ èyí tó kù. Wọ́n ní kí Yatmi sọ fún mi pé bí ẹyẹ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ yìí bá kọ orin ọ̀gá ẹyẹ Pak Mujari láti orí dé ìrù ní pápá lónìí, àwọn á gbà pé ọwọ́ mi mọ ẹyẹ, àwọn á sì lanu sí mi. Bí kò bá wá kọ ọ́ dé ìrù, kí n máa bá Yatmi sọ̀rọ̀ lọ títí ìrẹsì yóò fi hù lórí àpáta.

WAHONO: Bapak sọ bẹ́ẹ̀?

TUGIRAN: Wọ́n sọ ọ́ fún Yatmi. Èmi wà níbẹ̀.

[Ìlà ń já.]

WAHONO: —ti kọ́ orin yẹn? Mas?

TUGIRAN: Ṣé o gbọ́ mi?

WAHONO: Mo ní, níbo lẹyẹ yín ti kọ́ orin yẹn?

TUGIRAN: Níbo ni ì bá ti kọ́ ọ? Inú fídíò rẹ ni. Áàpù tí o fi sínú fóònù gbogbo wa. Ṣebí Pak Mujari tó ni ọ̀gá ẹyẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láìfù nìkan, bó ṣe ń kọrin lọ́wọ́ gan-an, ló ń fi hàn láràárọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìwọ lo ní kò séwu, pé kí fóònù máa gbà á fún fóònù, láti ilé dé ilé.

WAHONO: Èmi ni, Mas.

TUGIRAN: Mo gbé fóònù kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ láràárọ̀, mo fi aṣọ kan náà bo àwọn méjèèjì, mo lọ se sóyà mi.

WAHONO: Ẹ ò wá yọjú wo fídíò náà rí?

TUGIRAN: Kí ni n ó wò ńbẹ̀? Ẹyẹ lórí igi. Ó wà lápá ọ̀tún, ó tún wà lápá òsì. Ta ló mọ èwo ló yẹ kó ṣáájú?

WAHONO: Ẹ̀n-ẹ́n. Mas, ẹ má bínú o.

TUGIRAN: Ẹni tó ní kí n má bínú ti mọ ohun tó ṣe.

WAHONO: Fídíò yẹn kì í rìn lódindi. Mo gé e sí wẹ́wẹ́. Fóònù yín á bi ti aládùúgbò pé, ègé wo lo ní lọ́wọ́? Ó wá gbọ́dọ̀ yan èyí tó máa kọ́kọ́ tọrọ.

TUGIRAN: Èyí tó bá kàn ni kó tọrọ. Kí ló tún kù?

WAHONO: Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ tọrọ èyí tó ṣọ̀wọ́n, èyí tí ẹni tó ní in ò pọ̀, kó má baà parẹ́ nílẹ̀. Èyí tó kàn, ọwọ́ gbogbo èèyàn ló wà. A ó máa rí i—

TUGIRAN: A ó máa rí i nígbà wo?

WAHONO: Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ nígbà mìíràn.

TUGIRAN: Dik. Ebi ń pa èèyàn, ìrẹsì wà nínú ìkòkò, o ní kó kọ́kọ́ wọgbó lọ wá ẹyin àparò, nítorí pé ẹyin àparò ṣọ̀wọ́n.

WAHONO: Òun ni mo fi gba máàkì tó ga jù ní yunifásítì, Mas.

TUGIRAN: Kí wọ́n gbé máàkì náà wá síbí kó wá kọrin.

WAHONO: Bí èyí tó kàn ò bá tíì dé, òbìrìkìtì á máa yí. Bó bá yí pẹ́ jù, mo ní kí fóònù fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ sí i, kílé má baà dákẹ́.

TUGIRAN: Ohun tí a wí fún ọgbọ́ lọgbọ́ ń gbọ́. Ẹyẹ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́ orin, ó kọ́ ìdúró, ó kọ́ òbìrìkìtì, ó tún kọ́ bátìrì tó fẹ́ kú. Ọmọ tó ní làákàyè ni. Olùkọ́ rẹ̀ ni kò ní.

[Ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn: kí gbogbo ẹyẹ wà lórí ìkọ́ wọn.]

TUGIRAN: Wọ́n ti ń pè wá. Ṣé o gbọ́ mi?

WAHONO: Mo gbọ́. Mas, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fi fídíò yẹn kọ́ ẹyẹ?

TUGIRAN: Gbogbo ìlà ilé wa ni. Ti Bu Parjiyem tó ń ta àgbo jamu wà ní ìkọ́ ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Tirẹ̀ kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin rárá. Àárín ló ń jí sí, bí ẹni tó sùn nínú bọ́ọ̀sì.

WAHONO: Ẹ dúró ná. Tiyín mọ ìbẹ̀rẹ̀, àbí?

TUGIRAN: Bí omi.

WAHONO: Tirẹ̀ sì mọ àárín.

TUGIRAN: Àárín nìkan ló mọ̀, tálákà.

WAHONO: Mas, ègé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dé ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyẹ yín ṣe ń pòòyì yẹn, kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ń dúró de ègé tó kàn ni. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹyẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á gbà á, á máa lọ.

TUGIRAN: O fẹ́ kí ẹyẹ máa tọrọ orin lọ́wọ́ ẹyẹ.

WAHONO: Ohun tí àwọn fóònù ń ṣe náà nìyẹn.

TUGIRAN: Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

WAHONO: Òkò kọ́ lèyí. Orin ni. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?

TUGIRAN: Ẹyẹ ará Boyolali kan. Orin tirẹ̀ ló ń kọ, kò tiẹ̀ bojú wo ẹnikẹ́ni.

WAHONO: Kò wúlò. Ẹ lọ gbé ti Bu Parjiyem wá sún mọ́ tiyín.

TUGIRAN: Wọ́n ṣì gbà kéèyàn pààrọ̀ ìkọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì ri àsíá ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje mọ́lẹ̀. Má gbé fóònù sílẹ̀.

[Ẹsẹ̀ ń sáré. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

TUGIRAN: Bu Parjiyem, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹyẹ yín wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

BU PARJIYEM [lókèèrè]: Giran. Ẹyẹ tó bá ti sún mọ́ ọ, ojú ọ̀run la ti ń wá a.

TUGIRAN: Ẹyẹ yín ò lórí, Bu. Orin rẹ̀ ò ní ìbẹ̀rẹ̀.

BU PARJIYEM: Tìrẹ ńkọ́? Ṣebí ó ń pòòyì bí ẹni tó fi àgbo mi pààrọ̀ omi mímu?

TUGIRAN: Tèmi ní orí, tiyín ní àárín. Bí wọ́n bá jọ wà, kò sẹ́ni tó máa gbé ìtìjú lọ sílé nínú wa.

BU PARJIYEM: Ta ló wí bẹ́ẹ̀?

TUGIRAN: Wahono ni. Ó wà lórí fóònù.

BU PARJIYEM: Wahono tó kọ́ ẹyẹ mi kó máa dún bí bátìrì tó fẹ́ kú? Bá mi kí i. Sọ fún un pé bó bá wálé ọdún, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

WAHONO: Mo gbọ́, Bu.

BU PARJIYEM: Mo mọ̀ pé o gbọ́. Gbé e, Giran. Má ṣí ilẹ̀kùn o.

[Irin ń kan irin. Fèrè adájọ́ dún.]

TUGIRAN [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́]: Wọ́n ti ri àsíá mọ́lẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo máa fi sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá pariwo tàbí tó súfèé sí ẹyẹ, wọ́n á já ẹyẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

WAHONO: Díẹ̀díẹ̀.

[Ẹyẹ kan ń kọrin.]

TUGIRAN: Tèmi nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń lọ. Ó ń lọ. Ó ti dúró.

WAHONO: Ṣé ó ń pòòyì?

TUGIRAN: Ó ń pòòyì.

WAHONO: Ti Bu Parjiyem ńkọ́?

TUGIRAN: Ó ń wò ó. Ó yí orí sápá kan, ó ń wò ó bí ìyàwó tó gbọ́ irọ́— Ó ti gbé e. Dik, ó gbé àárín.

WAHONO: Tiyín ńkọ́?

TUGIRAN: Ó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n jọ ń lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn wọn náà ti gbà á, ti Lik Surono. Adájọ́ dúró síwájú wọn, kò rántí pa ẹnu dé.

WAHONO: Mo wí fún yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe yẹn, Mas, ó ní ọgbọ́n nínú, àwọn èèyàn ni ò—

TUGIRAN: Pa ẹnu mọ́. Wọ́n ti dúró.

WAHONO: Èwo nínú wọn?

TUGIRAN: Gbogbo wọn. Gbogbo ẹyẹ abúlé wa ló dúró, gbogbo wọn ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èrò ń yà wọ́n ní fọ́tò.

[Láti ọ̀nà púpọ̀: tin-ín, tin-ín. Tin-ín, tin-ín.]

WAHONO: Níbo lorin dé?

TUGIRAN: Wọ́n ti kọjá ibi tó ń ta bí òjò lórí páànù. Èyí tó ń já bọ́ bí omi nínú ọparun ló kàn, lẹ́yìn náà ìparí. Ìparí wà lẹ́nu gbogbo wọn, èyí tó kàn yẹn ni ò sí lẹ́nu ẹnì kankan. Dik. Ṣé o gbọ́ mi?

WAHONO: Mo gbọ́ yín. Mas, ẹ jókòó.

TUGIRAN: Kò sí àga.

WAHONO: Ègé yẹn, ilé Bapak ló kọ́kọ́ ń dé. Fóònù wọn ló sún mọ́ ti Pak Mujari jù. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ yín, kó tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

TUGIRAN: Kí ló wá dé?

WAHONO: Nígbà tí mò ń tò ó, Bapak pè mí. Wọ́n ní kí n ṣe é kí fóònù àwọn má fún fóònù yín ní nǹkan kan. Bàbá mi ni wọ́n, Mas. Kí ni n ó wí?

TUGIRAN: Jẹ́ kó yé mi dáadáa. Bapak ò bá mi sọ̀rọ̀.

WAHONO: Bẹ́ẹ̀ ni.

TUGIRAN: Fóònù Bapak náà ò bá fóònù mi sọ̀rọ̀.

WAHONO: Mo rò pé àwọn ègé á gba ọ̀nà mìíràn yí wá ni. Èyí tó pọ̀ nínú wọn yí wá lóòótọ́. Èyí nìkan ló máa ń pẹ́ dé. Bó bá fi máa dé, orin ti kọjá lórí rẹ̀.

TUGIRAN: Wọ́n sọ òkò sọ́jà, ó lọ bá ará ilé wọn. Ti Bu Parjiyem ńkọ́? Kí ni Bu Parjiyem ṣe fún wọn?

WAHONO: Mo ti yọ ìdènà náà kúrò báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Fóònù Bapak á máa fún yín.

TUGIRAN: Ẹyẹ tó wà lórí ìkọ́, ṣé yóò kọ́kọ́ sáré délé lọ gbà á?

WAHONO: Bapak fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní ìròyìn làwọn ń gbọ́, àmọ́ mò ń rí i láti ibí. Ẹ lọ bá wọn.

TUGIRAN: Kí n lọ bá wọn, kí n ní kí ni? Ó dára, mo ti dé abẹ́ àtíbàbà. Yatmi. Yatmi, bi Bapak bóyá wọ́n mọ ibi tó kàn nínú orin.

YATMI: Bapak, ọkọ mi ní ṣé ẹ mọ ibi tó kàn.

BAPAK: Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹni tó bá súfèé, wọ́n á já ẹyẹ rẹ̀ sílẹ̀.

YATMI: Mas, Bapak ní—

TUGIRAN: Mo gbọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí.

YATMI: Ṣé kí n sọ ọ́ àbí kí n má sọ ọ́?

WAHONO: Mas, ẹ ní kí Yatmi sọ fún wọn pé bí ẹyẹ bá dúró pẹ́, adájọ́ á kọjá lọ.

TUGIRAN: Yatmi, Wahono ní kí n sọ fún ọ pé kí o sọ fún Bapak pé—

YATMI: Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa pa mí.

[Ìlà ń já. Ariwo èrò ń lọ sílẹ̀.]

WAHONO: Mas? Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TUGIRAN: Gbogbo pápá ti dákẹ́. Ẹyẹ ará Boyolali pàápàá ti dákẹ́, ó ń wò wọ́n. Adájọ́ ti gbé ẹsẹ̀ kan, ó fẹ́ kọjá. Ó ti rẹ tèmi, Dik. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ṣì ń pòòyì, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Bí ẹni tó ń dúró de lẹ́tà. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Ì bá kúkú má mọ orin kankan.

WAHONO: Àga ta ló dún yẹn?

TUGIRAN: Bapak dìde.

[Ẹnì kan súfèé: ohùn gígùn kan, tó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀.]

WAHONO: Ta nìyẹn? Mas, ta ló súfèé?

[Ẹyẹ kan gba ohùn náà. Òmíràn gbà á. Gbogbo ìlà gbà á, wọ́n jọ ń lọ. Orin parí. Ariwo èrò.]

WAHONO: Ó ti parí? Mas Giran, ṣé ó parí?

TUGIRAN: Dé ìrù.

[Fèrè adájọ́.]

ADÁJỌ́: Ta ló súfèé?

TUGIRAN: Èmi ni.

BAPAK: Irọ́ ló ń pa. Kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Èmi ni.

ADÁJỌ́: Bapak, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe èyí kí wọ́n tó bí mi? Ta ló ni ẹyẹ?

BAPAK: Já ohun tó o máa já, ọmọ yìí. Òfin lòfin.

ADÁJỌ́: Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀.

BU PARJIYEM [lókèèrè]: Tèmi ò súfèé o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tèmi.

BAPAK: Giran.

[Ìdákẹ́jẹ́.]

BAPAK: Giran, gbé ẹyẹ wa sọ̀kalẹ̀. Fi aṣọ bò ó, oòrùn ti ń mú. Kó o sì bọ́ ọ, ìrẹ̀ wà nínú àpò mi.

YATMI: Ṣé kí n sọ fún un, Bapak?

BAPAK: Ó ti gbọ́.

WAHONO: Mas Giran? Mas, ta ni Bapak ń bá—

[Ìpè já.]

Yatmi, aya Tugiran, ló gbé fóònù ọkọ rẹ̀ wá bá mi nídìí ìkòkò ọbẹ̀ sóòtò tí mò ń tà, tó ní kí n jókòó kí n gbọ́. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á.